Tó bá wá sùn ńkọ́? Bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe ń fi ọkọ̀ kékeré la òkun já

Ọjọ́ Fúráìdé kan ni, ní jẹ́tì CMS. A ti tò sórí láìnì ọkọ̀ Ìkòròdú láti nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀, ọkọ̀ ò tíì dé, ooru ń mú, ni bọ̀dá kan tó wà níwájú mi bá ṣí fídíò kan lórí fóònù ẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè jọ wò ó. Obìnrin òyìnbó kan ló wà níbẹ̀, òun nìkan, nínú ọkọ̀ kékeré kan tó ta ìgbòkun, kò sí ilẹ̀ lọ́tùn-ún, kò sí lósì, ó ń fi ṣíbí jẹun nínú ìkòkò ó sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti lé lóṣù kan tó ti wà lójú omi. Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màmá kan tó gbé kúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ní irọ́ gbuu ni, ọkọ̀ ńlá kan á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, àbí ta ló ń ya fídíò. Ẹnì kan ní ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ ẹ̀ tí wọn ò fẹ́ ká rí. Bọ̀dá tó ni fóònù ní ìwà àìníṣẹ́ṣe ló ń da àwọn òyìnbó láàmú.

Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ kápútéènì ọkọ̀ fáíbà jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń rin pákò, kò bá wa dá sí i. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ló yọ pákò lẹ́nu tó bi wá pé, "Tó bá wá sùn ńkọ́? Ta ló ń wa ọkọ̀?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ oníkálukú lẹ́nu. Èmi ni mo fẹ́ dá a lóhùn, ọkọ̀ wá dé kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń já wọkọ̀ nírọ̀lẹ́ Fúráìdé. Torí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síbí.

Kí n kọ́kọ́ sọ pé mi ò kì í ṣe atukọ̀ o. Mo kàn ti ń ka nǹkan nípa ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ ni, ọ̀rẹ́ mi kan sì wà tó máa ń bá wọn ta ìgbòkun ní Lagos Yacht Club (ẹgbẹ́ yẹn ti wà láti 1932), òun ló mú mi wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì dé Tàkwá Bay, ìgbà àkọ́kọ́ èébì ni mo ń bì lọ títí. Àmọ́ mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń rú àwọn èèyàn lójú torí ibẹ̀ náà ló ti rú èmi lójú. A rò pé agbára ni wọ́n fi ń ṣe é, pé ẹni yẹn á máa di ìtọ́kọ̀ mú tọ̀sántòru bí ẹni ń wa mólúè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá dá wà lójú agbami kì í fi bẹ́ẹ̀ wa ọkọ̀. Ọkọ̀ ló ń wa ara ẹ̀. Òun ni mẹkáníìkì, òun ni alásè, òun ni mẹ́gáàdì, ohun tó sì ń bá a jà jù nínú gbogbo ẹ̀ ni oorun.

Ká mú ọ̀rọ̀ ìgbòkun ná. Gbogbo ẹni tó bá ń gba Third Mainland Bridge ti rí i rí, àfi tó bá jẹ́ pé oorun ló máa ń sùn nínú danfo: àwọn ọkọ̀ oníyanrìn tó ń rìn lórí ọ̀sà, àpò ìrẹsì àti tàpólì ni wọ́n rán pọ̀ fi ṣe ìgbòkun, àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀, yanrìn á kún inú ọkọ̀ débi pé etí ọkọ̀ àti omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí epo, afẹ́fẹ́ ti ẹ̀yìn wá, ó tì wọ́n, wọ́n lọ. Ìyẹn ò le. Èyí tó ń rú èèyàn lójú ni bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè lọ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, torí ó lè ṣe é, kì í kàn ṣe tààrà ni.

Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ na ọwọ́ síta lójú fèrèsé danfo tó ń sáré lórí bíríìjì, kí kọ́ńdọ́ tó pariwo mọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ á kọjá lọ jẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé etí ọwọ́ tó wà níwájú sókè díẹ̀, ṣe lọwọ́ máa fò sókè, kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ni afẹ́fẹ́ ń tì í sí. Bí ìgbòkun ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń yọ ikùn bí apá ẹyẹ, afẹ́fẹ́ tó gba ẹ̀yìn ikùn yẹn ń sáré ju èyí tó gba inú lọ, agbára afẹ́fẹ́ níta á wá dín kù, ìgbòkun á máa fà sápá ibẹ̀. Ohun kan náà ló ń gbé báálù ró.

Tó bá jẹ́ ìgbòkun nìkan ni, ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ̀ máa fi rìn bí akàn. Ìdí tí ò fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé nǹkan kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tó dà bíi lẹbẹ ẹja, kíìlì ni wọ́n ń pè é, ó wọnú omi lọ dáadáa. Afẹ́fẹ́ ń tì í lókè, omi ń kọ̀ fún un nísàlẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún un ni iwájú, bí ìgbà téèyàn bá fi ìka méjì fún kóró ọsàn tó tutù tó sì fò yọ. Síbẹ̀ kò sí ọkọ̀ ìgbòkun tó lè kọjú sí afẹ́fẹ́ gan-an. Ó máa ń yà fún un ní nǹkan bíi 45 dígírì, á lọ sọ́tùn-ún fúngbà díẹ̀, á yí sósì, á tún yí padà, kọ́lọkọ̀lọ, bí ọlọ́kadà tó ń wá àyè nínú go-slow Ọ̀jọ́ta. Á dé ṣá, àmọ́ á pẹ́, ìyà á sì jẹ ọkọ̀ jẹ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbọ́n kì í fi bá afẹ́fẹ́ jà la òkun kọjá, ṣe ló máa ń dúró de afẹ́fẹ́ tó ń lọ síbi tí òun náà ń lọ.

Torí afẹ́fẹ́ orí òkun ní títì tiẹ̀. Ọ̀kan wà tó ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ kọjá lórí òkun Àtìláńtíìkì lọ sí àwọn erékùṣù Kàríbíánì, ọ̀sẹ̀ lè pé ọ̀sẹ̀ kó má fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọyẹ́ tó ń la ètè wa lóṣù Kejìlá, tó ń kó eruku Sàhárà wá bo aṣọ téèyàn sá, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni, orí ilẹ̀ ni tiẹ̀ kàn gbà wá. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń dá òkun yẹn kọjá, àwọn erékùṣù Canary ni wọ́n ti ń gbéra, erékùṣù Sípéènì ni, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ Mòrókò, láti ibẹ̀ dé Kàríbíánì tó nǹkan bíi 2,700 máìlì ojú omi. Wọ́n máa ń dúró títí ìparí oṣù Kọkànlá, torí láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kọkànlá ni ìjì líle tí wọ́n ń pè ní hurricane máa ń jà lápá ibẹ̀. Àwọn atukọ̀ òyìnbó àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ, wọ́n ní kéèyàn máa lọ sí gúúsù títí bọ́tà á fi yọ́, kó wá yà sọ́wọ́ ọ̀tún. (Ní tiwa, ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń tà á ni bọ́tà ti ń yọ́.)

Ẹnì kan lè ní ṣé kéèyàn má kúkú ti Èkó gbéra lọ Bràsíìlì ni, ṣebí a jọ wà létí òkun kan náà. Ẹ wo asíá tó bá wà létí omi ní Marina, ibi tó ń fẹ́ sí lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún. Inú òkun ni afẹ́fẹ́ wa ti ń wá, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, omi òkun tó ń kọjá níwájú wa náà ń ṣàn lọ sápá Kamẹrúùnù. Ẹni tó bá kọrí sí Bràsíìlì láti ẹnu òkun Èkó, afẹ́fẹ́ ń bá a jà, omi náà ń bá a jà. Ohun tó máa ṣe ni kó kọ́kọ́ rọra wá ọ̀nà lọ sí gúúsù, kó kọjá ìlà tó pín ayé sí méjì, ibẹ̀ ló ti máa rí afẹ́fẹ́ míì tó ń ti gúúsù ìlà-oòrùn fẹ́, ìyẹn láá wá gbé e lọ. Àwọn Àgùdà tó kọ́kọ́ ti Bahia ní Bràsíìlì padà wá kọ́lé sí Pópó Àgùdà, ọkọ̀ ìgbòkun ló gbé wọn dé, àwọn tó ń tu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ gbogbo ọ̀nà àyíká yìí bí kọ́ńdọ́ ṣe mọ Ọ̀ṣòdì. Láàárín afẹ́fẹ́ méjèèjì yẹn, nítòsí ìlà tó pín ayé, ibì kan wà tí afẹ́fẹ́ ti máa ń kú pátápátá. Òkun á tẹ́jú bí epo pupa nínú abọ́, oòrùn á máa jó èèyàn, ọkọ̀ á dúró sójú kan bí ẹni tí epo tán fún, òjò òjijì á wá dà á láàmú fún wákàtí kan, ó tún parí. Àwọn atukọ̀ bẹ̀rù ibẹ̀ ju ìjì míì lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń ka eré ọkọ̀ ojú omi, nọ́ọ̀tì kan ni máìlì ojú omi kan láàárín wákàtí kan, máìlì ojú omi kan sì jẹ́ 1.852 kìlómítà. Ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tó ń rìn dáadáa á máa sá nọ́ọ̀tì 5, ìyẹn kìlómítà 9 lé díẹ̀ ní wákàtí kan, ẹni tó ń sáré ìdárayá ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù lè kọjá ẹ̀. Kò sì lè sá jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, torí bí ọkọ̀ bá ṣe kúrú tó ni ìgbì tí òun fúnra ẹ̀ ń dá sílẹ̀ nínú omi ṣe tètè ń há a mọ́, ọkọ̀ gígùn ló ń yára. Àmọ́ kì í dúró jẹun, kì í dúró wá epo. Wákàtí 24 lójúmọ́, nọ́ọ̀tì 5 á fún yín ní máìlì 120, bíi kéèyàn lọ Ìbàdàn kó tún padà wá títí kó kù díẹ̀ kó wọ Èkó. Tẹ́ ẹ bá pín 2,700 sí 120, ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ 22. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n sì sábà máa ń lò.

Ẹ má sì rò pé ọkọ̀ "kékeré" yìí dà bí ọkọ̀ apẹja Mákòókó. Púpọ̀ nínú wọn wà láàárín mítà 8 sí 12, ẹ to danfo méjì tẹ̀ léra, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Àwọn aláṣejù ò sì lè ṣe kí wọ́n má sí: ní 1993, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Hugo Vihlen fi ọkọ̀ tí gígùn ẹ̀ ò ju nǹkan bíi mítà 1.6 lọ la Àtìláńtíìkì já. Bẹ́ẹ̀dì mi gùn jù ú lọ.

Ó yá, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n. Ta ló ń wa ọkọ̀?

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń dè mọ́ ìdí ọkọ̀, kò jẹ epo, kò jẹ iná, ẹ ò ní torí ẹ̀ ra jẹnẹrétọ̀. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló dúró lórí ẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ darí ọkọ̀ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ wá yí pátákó yẹn kí etí ẹ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ bá ṣì wà lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ á pín sọ́tùn-ún sósì lára etí yẹn, pátákó á dúró ṣánṣán. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ yà, afẹ́fẹ́ á gbá àyà pátákó, pátákó á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe ń ṣubú ló máa fa nǹkan kan tó wà nínú omi, agbára omi tó ń sáré kọjá lá wá fa okùn tó so mọ́ ìtọ́kọ̀, ọkọ̀ á padà sójú ọ̀nà, pátákó á dìde. Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, tọ̀sántòru, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í bèèrè owó oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ atukọ̀ máa ń sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ. Francis Chichester, tó gba ipò kìíní nínú ìdíje àkọ́kọ́ táwọn tó ń dá tukọ̀ fi la Àtìláńtíìkì já ní 1960, Miranda ló pe tiẹ̀, ọjọ́ 40 ló fi ti Plymouth ní England dé New York. Blondie Hasler tó ṣe ipò kejì wà lára àwọn tó jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí di nǹkan tí gbogbo èèyàn ń lò.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ ṣá. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ Bràsíìlì, kò mọ Kàríbíánì, afẹ́fẹ́ nìkan ló mọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá yí padà lóru, òun náà á yí ọkọ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgbọràn, ẹ lè jí láàárọ̀ kẹ́ ẹ rí i pé ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ lẹ ti ń padà lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni yẹn fi gbọ́dọ̀ máa wo kọ́ńpáàsì. Àwọn kan máa ń lo èyí tó ń lo bátìrì pẹ̀lú sólà, òun máa ń tẹ̀ lé kọ́ńpáàsì ní tiẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ iná, omi iyọ̀ ò sì fẹ́ràn wáyà.

Kí ẹ̀rọ yìí tó wà ńkọ́? Joshua Slocum ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá tukọ̀ yí gbogbo ayé po. Boston ló ti gbéra ní 1895, ó padà dé Amẹ́ríkà ní 1898, ọkọ̀ ẹ̀ tó ń jẹ́ Spray ò ju nǹkan bíi mítà 11 lọ, ọkùnrin yìí ò sì mọ omi í wẹ̀ o. Ohun tó ń ṣe ni pé á tún ìgbòkun ṣe títí ọkọ̀ á fi dúró déédéé, á wá fi okùn de ìtọ́kọ̀, ó tán. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé lórí òkun Íńdíà, nínú ọjọ́ 23 tóun fi rin 2,700 máìlì, wákàtí tóun fi di ìtọ́kọ̀ mú ò ju nǹkan bíi mẹ́ta lọ.

Ìtàn ẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Ní 1895 yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní àwọn erékùṣù Azores tó wà láàárín Àtìláńtíìkì, wọ́n fún un ní wàràkàṣì funfun àti èso plum níbẹ̀, ó jẹ ẹ́ jù, inú bẹ̀rẹ̀ sí í rún un, ìjì ń jà níta, ó wólẹ̀ sílẹ̀ inú yàrá ọkọ̀ kò mọ ibi tó wà mọ́. Ìgbà tó lajú, ó rí ọkùnrin gíga kan níbi ìtọ́kọ̀. Ọkùnrin náà ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ Columbus (èyí tó tukọ̀ dé Amẹ́ríkà ní 1492) lòun, láti inú ọkọ̀ Pinta, òun lòun máa bá a wa ọkọ̀ lálẹ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, kò séèyàn kankan níbẹ̀, ọkọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, ó sì ti rin 90 máìlì. Mo mọ ohun tí màmá oníkúlà ì bá sọ, á ní ẹ máa wá gbà pé omi ní olówó ẹ̀. Ohun táwọn tó mọ̀ nípa oorun máa sọ yàtọ̀: ara tí kò dá, oorun tí kò tó, àti àdáwà, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, ọpọlọ máa ń ṣẹ̀dá èèyàn fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá tukọ̀ ló ti sọ pé àwọn gbọ́ ohùn, pé ẹnì kan pe orúkọ àwọn láti iwájú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ oorun yìí gan-an ló le jù. Àwọn kan rò pé wọ́n máa ń ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ lálẹ́. Sínú kí ni? Láti ojú omi Àtìláńtíìkì dé ìsàlẹ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ìdọ́gba wò ó, lé ní mítà 3,600. Okùn ìdákọ̀ró sì gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́ta jíjìn omi, ó kéré tán, kó tó lè di ọkọ̀ mú. Okùn yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó Third Mainland Bridge látòkèdélẹ̀, ẹ sọ fún mi ibi tẹ́ ẹ máa ká a sí nínú ọkọ̀ tí ò ju danfo méjì lọ. Ọkọ̀ kì í dúró. Ó ń lọ, èèyàn ń sùn.

Ohun tó sì lè pa á lójú oorun ni ọkọ̀ kọ̀ǹténà, irú èyí tó ń wá sí Àpápá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa sá nọ́ọ̀tì 20, tẹ́ ẹ bá fi nọ́ọ̀tì 5 tiyín kún un tẹ́ ẹ sì ń bọ̀ lójúkojú, ọkọ̀ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní máìlì 8 síwájú, ìṣẹ́jú bíi 19 ló kù tó máa dé ọ̀dọ̀ yín. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú 20 tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ti wá: á fi aago sí i, á sùn fún ìṣẹ́jú 20, á dìde wò yíká, á tún sùn. Nítòsí etíkun níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, kì í tiẹ̀ sùn rárá. Láàárín agbami níbi tó ti lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìrí ọkọ̀, àwọn míì máa ń sùn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóde òní, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní AIS, ọkọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan máa ń kéde orúkọ ẹ̀, ibi tó ń lọ àti eré tó ń sá, tiyín á gbọ́ ọ, á sì ké tí ọkọ̀ bá fẹ́ sún mọ́ yín jù. Òfin ojú omi àgbáyé ti 1972 sọ pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ṣọ́nà nígbà gbogbo, gbogbo ìgbà ló sọ, torí náà tẹ́ ẹ bá bi mí, gbogbo ẹni tó bá dá la òkun já ló ti rú òfin yẹn.

Ìgbì ńkọ́? Ẹ̀rù ìgbì ló ń bà wá jù, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Láàárín agbami, ìgbì tó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè gbé ọkọ̀ sókè jẹ́jẹ́ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, tí orí ẹ̀ ò bá ti wó. Ìgbì tó wó lórí ọkọ̀ ni ewu. Kíìlì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òjé tàbí irin ló wúwo nínú ẹ̀, tí ọkọ̀ bá dojú dé, ìwúwo yẹn á tún fà á dìde, ohun gbogbo tó wà nínú yàrá ti fọ́n ká nígbà yẹn o, ọbẹ̀ ti dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí omi ò jìn ló ń pani. Ẹ bi àwọn àgbà Èkó nípa ẹnu òkun wa kí wọ́n tó kó òkúta dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ̀, iyanrìn abẹ́ omi ibẹ̀ burú débi pé ọkọ̀ ńlá kì í lè wọlé tààrà. Atukọ̀ tó bá rí i pé ìjì ń bọ̀ tó sì wà nítòsí ilẹ̀, inú agbami ló máa ń sá lọ.

Ohun tó yẹ kó bani lẹ́rù ni kéèyàn já sómi. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè sùn yẹn, kò mọ̀ pé ẹ ti já. Á máa gbé ọkọ̀ lọ ní nọ́ọ̀tì 5, ìgbòkun á máa kéré sí i lójú yín, kò sì sí ẹni tẹ́ ẹ máa pè. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń fi okùn so ara wọn mọ́ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jáde síta, títí kan tí wọ́n bá fẹ́ tọ̀. Eric Tabarly, ọmọ Faransé tó gba irú ìdíje ti Chichester yẹn ní 1964, òkun ló gbé e lọ ní 1998. Kò so ara ẹ̀. Àwọn èèyàn tiẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Oúnjẹ ò le, omi mímu ni ká sọ. Lítà 3 lójúmọ́ fún oṣù kan jẹ́ 90, ẹ gbé e sí àpò piọ́ wọ́tà mẹ́wàá kí díẹ̀ lè ṣẹ́ kù. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, ẹni tó bá gbọ́n á ṣì kó omi dání. Omi òkun ò ṣeé mu ní tútù bẹ́ẹ̀, torí iyọ̀ tó wà nínú lítà kan tó gíráàmù 35, kíndìnrín wa ò lè tọ ìtọ̀ tó níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, omi tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ló máa lò láti fi tì í jáde, béèyàn bá ṣe ń mu ún ni òùngbẹ á máa pa á sí i. Steven Callahan, tí ọkọ̀ ẹ̀ rì ní 1982, lo ọjọ́ 76 nínú ọkọ̀ rọ́bà lórí Àtìláńtíìkì, ohun tó gbà á là ni ike kan tó ń fi oòrùn sọ omi òkun di omi mímu díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹja tó ń gún. Ìrẹsì, ẹja inú agolo àti ẹyin ni wọ́n sábà máa ń kó, ẹyin tí wọ́n bá fi Vaseline pa lára máa ń pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan torí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé. Èmi ì bá kó gaàrí Ìjẹ̀bú àti kúlíkúlí, mo mọ̀ pé gaàrí ń mu omi, ẹ fi mí sílẹ̀.

Tí nǹkan bá bàjẹ́ pátápátá, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀, á sọ fún sátẹ́láìtì ibi tí wọ́n wà. Àmọ́ ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ ló máa wá gbé wọn, ó sì lè jẹ́ ẹni tí òun náà dá wà. Kirsten Neuschäfer, obìnrin South Africa, wà lẹ́nu ìdíje yí-ayé-po ní oṣù Kọkànlá 2022 nígbà tí ọkọ̀ Tapio Lehtinen, ọmọ Fínlándì, rì lórí òkun Íńdíà. Òun ló yà lọ gbé e, ó fà á lé ọkọ̀ ńlá kan lọ́wọ́, ó sì tún padà sẹ́nu ìdíje. Ní oṣù Kẹrin 2023 ló dé, òun ló gba ipò kìíní, ó lé ní 230 ọjọ́ tó fi dá wà, wọn ò sì gbà wọ́n láyè láti lo GPS, oòrùn àti ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún bá ẹ̀gbọ́n kápútéènì pàdé, ọkọ̀ tiẹ̀ gan-an ló kàn mí. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ròyìn pátákó tó ń darí ọkọ̀ fún un, ó mi orí, ó ní ìyẹn yé òun, afẹ́fẹ́ ò lè tan òun. Ó ní, "Àbúrò, ó ku ẹyọ kan. Tó bá ti débẹ̀, báwo ló ṣe ń padà sílé? Ṣebí ẹ ní afẹ́fẹ́ yẹn kì í yí padà."

Mo ní kì í gba ibẹ̀ padà, sà. Tó bá di nǹkan bí oṣù Karùn-ún, á ti Kàríbíánì kọjú sí àríwá, á gba apá Bermuda, lókè lọ́hùn-ún afẹ́fẹ́ míì wà tó ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́, ìyẹn láá gbé e dé Azores kó tó wọ Yúróòpù, ọ̀nà ẹ̀ á rí róbótó.

Ó ronú sí i. Ó ní, "Ìyẹn ni pé ẹni tó ti Ìkòròdú wá sí CMS, Èpẹ́ ló máa gbà padà sílé."

Mo ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ó pòṣé, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó sì kígbe sí àwọn tó kù lórí jẹ́tì: "Ẹ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì yín o! Ìkòròdú tààrà!"